H. G. Wells: Òǹkọ̀wé tó fi ọmọ ogun òjé ṣeré

Ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1866 ni wọ́n bí Herbert George Wells ní ìlú Bromley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tó kán lẹ́sẹ̀ ní 1874 ni ìwé kíkà wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ní 1898, ó gbé ìwé The War of the Worlds jáde, ìtàn bí àwọn ẹ̀dá abàmì láti Mars ṣe gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọkùnrin yìí kan náà, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, a máa fi ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ jagun lórí ilẹ̀ ilé rẹ̀. Ní 1913, ó kọ òfin eré náà sínú ìwé Little Wars: ẹsẹ̀ bàtà 1 ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn lẹ́ẹ̀kan, ti ẹlẹ́ṣin jẹ́ 2; àgbá kékeré tó ń ta igi ni wọ́n fi ń bi ọ̀tá ṣubú.

Èrò Wells ni pé ẹni tó bá ta eré yìí yóò rí i pé ìwà òmùgọ̀ ni ogun gidi. Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, 1946, lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti rí ìkejì. Síbẹ̀, àwọn tó ń kun ọmọ ogun ojú sánmà kéékèèké lọ́dà lónìí, tí wọ́n ń fi wọ́n jagun lórí tábìlì, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.