Agostino Bassi àti Olú Tí Í Pa Kòkòrò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń ta aṣọ mọ sányán, ẹ sì mọ̀ pé ara kòkòrò ni òwú rẹ̀ ti í wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ́dà ilẹ̀ Ítálì: kòkòrò kan tí í jẹ ewé igi múlíbẹ́rì ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń sìn nínú ilé nígbà kan rí, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sin adìẹ. Bí àrùn bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, gbèsè ni í kù fún ẹni tí ó ni ín.

Ní ọdún 1773 ni a bí Agostino Bassi ní Mairago, lẹ́bàá ìlú Lodi. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó di amòfin, ó sì gba oyè ìmọ̀ òfin ní Pavia ní ọdún 1798. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ó sì padà sí oko.

Láti ọdún 1807 ni ó ti dojú kọ àrùn kan. Kòkòrò tí ó bá mú a kú, a gan, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun funfun a bo ara rẹ̀ bí ẹni pé a fi ẹfun kùn ún. Àwọn ènìyàn ní inú kòkòrò fúnra rẹ̀ ni àrùn náà ti ń dìde, Bassi pẹ̀lú sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi onírúurú oúnjẹ àti oògùn dán wọn wò. Wọ́n kú, ṣùgbọ́n ẹfun kò yọ. Ó fi ooru gbẹ àwọn mìíràn títí wọ́n fi le tí wọ́n sì funfun, àfi pé òkú wọ̀nyí kò lè kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1816 ó rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Lójú tiwa, ohun tí ó ga jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó gbà pé òun ti ṣìnà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí í ti òde wọlé. Ó fi orí abẹ́rẹ́ mú ìyẹ̀fun ara òkú, ó fi gún alààyè. Alààyè náà kú, ẹfun sì bò ó. Irúgbìn olú kékeré kan ni ìyẹ̀fun náà, irú èyí tí í hù lórí oúnjẹ tí ó bu. Bí ó bá bà lé kòkòrò, a dá awọ rẹ̀ lu, a jẹ ẹ́ nínú títí yóò fi kú, kí ó tó hù jáde. Ọwọ́ òṣìṣẹ́, aṣọ àti àtẹ ni í gbé e kiri. Bassi ní kí wọ́n kó òkú kúrò kíákíá, kí wọ́n sì fi omi híhó fọ ohun èlò.

Ní ọdún 1834 ó fi iṣẹ́ náà han àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Pavia, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1835. Ó ku orúkọ. Balsamo Crivelli ti Milan yẹ olú náà wò, ó kà á mọ́ ìdílé Botrytis, ó sì pè é ní paradoxa. Kò pẹ́ tí ó fi yí i padà sí bassiana, láti bu ọlá fún Bassi. Ní ọdún 1912, Vuillemin ará Faransé rí i pé olú náà kì í ṣe ti ìdílé yẹn, ó sì dá ìdílé Beauveria sílẹ̀ fún un. Orúkọ ìdílé yí padà. Ti Bassi kò yí.

Bassi tilẹ̀ sọ pé ohun abẹ̀mí kéékèèké ni í fa onígbáméjì àti ìgbóná fún ènìyàn pẹ̀lú, kí Pasteur tó fi ọwọ́ kan kòkòrò ṣẹ́dà ní ọdún 1865. Ó kú ní Lodi ní oṣù kejì ọdún 1856. Olú tí ó sọ àwọn olùsìn ṣẹ́dà di onígbèsè nígbà náà ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko lónìí, láti pa kòkòrò tí ń jẹ ohun ọ̀gbìn.