SAMUEL FULLER: ỌMỌ-OGUN TÓ SỌ OGUN DI SINIMÁ

Ta ni nínú wa tí kò tí ì wo irú sinimá ogun olówó pọ́ọ́kú yìí rí? Àwọn ọ̀tá á ti kó ṣọ́jà mélòó kan ní ìgbèkùn, wọ́n á fi wọ́n pamọ́ sínú igbó. Ọkùnrin kan ṣoṣo á gbé ìbọn, á wọgbó lọ. Ọta á máa fò kọjá létí rẹ̀ bí eṣinṣin, kò ní bà á. Yóò tú gbogbo àwọn òǹdè sílẹ̀, yóò kó wọn sínú hẹlikọ́pítà, ó parí. Missing in Action tí Chuck Norris ṣe ní ọdún 1984 wà lára wọn, èmi náà sì pàtẹ́wọ́ títí nígbà tí mo wò ó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe sinimá ogun ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìyẹn, ìgbanisílẹ̀ kò sì rọrùn báyẹn nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Samuel Fuller ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 12 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1912. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Rabinovitch ni orúkọ ìdílé wọn kí wọ́n tó sọ ọ́ di Fuller. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ lọ sí New York. Níbẹ̀ ni ó ti wọ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń rán an níṣẹ́ kiri. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń kọ ìròyìn nípa àwọn ọ̀daràn àti àwọn tí wọ́n pa. Ìwà oníròyìn yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú: kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Nígbà tí ogun Hitler dé, ó lè fi iṣẹ́ oníròyìn bo ara rẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó ń jà. Ó kọ̀. Ẹ̀ka Kìíní àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó wọ̀, àwọn tí òǹkà 1 pupa wà ní èjìká aṣọ wọn. Ó bá wọn jà ní Àríwá Áfíríkà, ó bá wọn jà ní Sicily, ó sì wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí etíkun Omaha ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù, ọdún 1944. Ìgboyà rẹ̀ mú kí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ.

Ní oṣù Méè ọdún 1945 ni wọ́n dé Falkenau, ní Czechoslovakia, níbi tí àwọn Násì ní àgọ́ ìdálóró sí. Olùgbàlà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa àgọ́ náà. Ọ̀gá àwọn ṣọ́jà pàṣẹ pé kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn wọṣọ fún àwọn òkú, kí wọ́n sì sin wọ́n bí ọmọlúwàbí. Ìyá Fuller ti fi kámẹ́rà kékeré kan ránṣẹ́ sí i láti ilé; òun ni ó fi ya gbogbo rẹ̀. Sinimá tó kọ́kọ́ yà láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ogun Kòríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Júùnù ọdún 1950. Ní oṣù Jánúárì 1951, The Steel Helmet, ìyẹn Akoto Irin, ti jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣe é. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi yà á, pẹ̀lú nǹkan bí 104,000 dọ́là. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25 ni ó kó jọ láti ṣe ṣọ́jà. Kò rí táǹkì ogun yá, ó ní kí wọ́n fi pákó kan án. Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Los Angeles ni ó di igbó Kòríà, ibi tí nǹkan kò bá sì sí, ó tú èéfín bò ó. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Ẹ wo ìtàn inú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì Zack ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, wọ́n ti de òun náà lọ́wọ́. Ọmọdékùnrin ará Kòríà kan ni ó tú u sílẹ̀. Ọmọ ni ó gba ṣọ́jà là! Nígbà tó yá, ọta pa ọmọ yìí. Ọ̀gá ọmọ-ogun ọ̀tá kan tó wà ní ìdè lọ́dọ̀ wọn fi àdúrà ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà, Zack sì yìnbọn fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Òǹdè yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ bi dókítà aláwọ̀ dúdú inú wọn, tí James Edwards ṣe, ìdí tó fi ń jà fún orílẹ̀-èdè tó ń mú un jókòó lẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Ìdáhùn dókítà náà ni pé díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń yí padà. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó ku nǹkan bí ọdún márùn-ún kí Rosa Parks tó kọ̀ láti dìde ní Montgomery.

Àwọn ọ̀gá ológun bínú pé ṣọ́jà Amẹ́ríkà kì í pa òǹdè. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù: Fuller ní kí ọ̀gágun tó darí rẹ̀ lójú ogun, George Taylor, bá wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì jẹ́rìí fún wọn pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn kan bú Fuller pé ti Kọ́múnístì ni ó ń ṣe. Ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múnístì náà tún bú u. Àwọn èrò ń wọ́ lọ wò ó ní tiwọn.

N kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dára. China Gate ti ọdún 1957, tí Nat King Cole wà nínú rẹ̀, gbè lẹ́yìn àwọn Faransé tó ń fi ipá jọba ní Vietnam, n kò sì rò pé ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ti jọba lé lórí lè wò ó láìbínú. Merrill's Marauders ti ọdún 1962 dára jù ú lọ. Bọ́mà ní ọdún 1944 ni ìtàn rẹ̀, ó sì fi hàn bí àárẹ̀ àti àìsàn ṣe ń pa ṣọ́jà ju ìbọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà ní Bọ́mà yẹn kan náà lọ́dún náà, àwọn bàbá àgbà tí a máa ń gbọ́ ìtàn wọn. Wọn kò sí nínú sinimá náà.

Sinimá tó wà lọ́kàn rẹ̀ jù ni ti ẹgbẹ́ ogun tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń wá olówó tí yóò gbé e jáde, kí The Big Red One tó jáde ní ọdún 1980. Lee Marvin, tí òun náà ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun Hitler, ni ó ṣe sájẹ́ǹtì. Owó kò tó láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sí etíkun Omaha. Fuller gbé kámẹ́rà sí aago ọwọ́ òkú ṣọ́jà kan nínú omi. Aago ń lọ, omi ń pọ́n sí i. N kò tí ì rí ohun tó bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ nínú sinimá olówó gegere kankan. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dé Falkenau. Sájẹ́ǹtì rí ọmọ kékeré kan tí kò tí ì kú, ó fún un lóúnjẹ, ó gbé e kọ́ èjìká. Ọmọ náà kú síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń rìn lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ni sinimá náà gé e kúrú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé White Dog rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹ̀rù ohun tí aráyé yóò sọ nípa ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ó bínú lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó padà sílé nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1997. Ọdún méje lẹ́yìn náà, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ wá àwọn ibi tí wọ́n gé kúrò nínú The Big Red One jáde, wọ́n sì fi ohun tó lé ní ogójì ìṣẹ́jú padà sínú rẹ̀.