De Saussure: Ẹni tó fi fọ́nrán irun wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́

Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni Horace-Bénédict de Saussure, tí wọ́n bí nítòsí Geneva lọ́dún 1740, ṣùgbọ́n ìmọ̀ òkè àti ojú ọjọ́ ló gbà á lọ́kàn. Ó rí i pé irun ènìyàn máa ń gùn sí i bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì máa kúrú bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ó fọ ọ̀rá kúrò lára irun, ó so ó mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka láti 0 dé 100, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1783. Lọ́dún 1787, ó gbé e gun orí òkè Mont Blanc.

Rògbòdìyàn ilẹ̀ Faransé kó ọrọ̀ rẹ̀ lọ, àìsàn sì gba agbára rẹ̀. Ó jáde láyé lọ́dún 1799, lẹ́ni ọdún 58. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní 150 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, irun ṣì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń wọn ọ̀rinrin.