Albrecht von Graefe, Oníṣègùn Ojú ní Ìlú Berlin

Ní ayé àtijọ́, ìtọ́jú ojú kì í ṣe iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn kan a máa kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a fi abẹ́ gún ojú aláìsàn, wọn a gba owó, wọn a sì ti fi ìlú sílẹ̀ kí ojú náà tó bàjẹ́ tán. Ní ti àwọn dókítà gidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ka ojú mọ́ iṣẹ́ abẹ yòókù. Ẹni tí ó gé ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ lè la ojú ní ọ̀sán. Nínú àwọn tí ó yí ìṣe yìí padà ní ilẹ̀ Jámánì, kò sí ẹni tí ó ta Albrecht von Graefe yọ.

Ní Berlin ni a bí i, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1828. Ọmọ ọlọ́lá ni. Karl Ferdinand, baba rẹ̀, jẹ́ gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé ó mọ bí a ti í fi ẹran ara ṣe imú tuntun fún ẹni tí imú rẹ̀ ti gé. Baba yìí kú ní 1840, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 12 péré. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni Albrecht nígbà tí ó wọ Yunifásítì Berlin, kò sì tí ì pé ẹni 20 ọdún nígbà tí ó gba oyè dókítà ní 1847. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀nà àjò pọ̀n. Ní Prague, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ferdinand Arlt, ọ̀gá yìí ni ó sì fa ọkàn rẹ̀ sí ojú. Ó dé Paris, ó dé Vienna. Ní 1851 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó gbé pàdé Frans Donders, ọmọ ilẹ̀ Hóláǹdì, tí ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Ní ọdún 1851 kan náà ni Hermann Helmholtz kọ̀wé nípa ohun èlò kékeré kan tí dókítà lè fi wo inú ẹyinjú ènìyàn tí ó wà láàyè. Kí ó tó dé, bí ojú bá fọ́ láìsí ohun tí ó hàn ní òde, àfi kí dókítà máa méfò. Graefe kò jáfara. Ó padà sí Berlin, ó ṣí ilé ìwòsàn ojú tirẹ̀, ó sì ń fi ohun èlò tuntun náà wo ojú olówó àti ti tálákà. Olówó a san owó; tálákà kì í san. Ní 1854 ó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ ojú, èyí tí ó ṣì ń jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí a kò lè gbàgbé ni èyí tí ó ṣe lórí àrùn glaucoma. Omi mímọ́ kan ń sun nínú ẹyinjú nígbà gbogbo, ó sì ní ojú ihò tí ó ń gbà jáde. Bí ojú ihò náà bá dí, gẹ́gẹ́ bí pàǹtírí ti í dí ojú àgbàrá, omi a kún, ẹyinjú a le, iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ojú tí ó bá ti bá a lọ kì í padà mọ́. Títí di ìgbà ayé Graefe, kò sí ìwòsàn kankan fún un.

Nígbà tí Graefe kọ́kọ́ wo ìdí iṣan ojú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ó rò pé ńṣe ni ó wú. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé òdìkejì ni: ńṣe ni ó jìn wọnú nítorí agbára omi tí ń tì í. Ó kéde àtúnṣe náà fún gbogbo ayé. Ó tún ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá gé díẹ̀ kúrò lára òrùka aláwọ̀ tí ó yí ọmọlójú ká, ẹyinjú tí ó le a máa rọ̀. Ó dán an wò lára àwọn tí glaucoma dé bá lójijì, tí ojú ń ro wọ́n gidigidi. Ìrora dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ sì tún ríran. Ní 1857 ó ròyìn rẹ̀ níwájú àwọn oníṣègùn ojú tí wọ́n pé jọ ní Brussels láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò bù mọ́ ọn: ó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ abẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ran glaucoma tí ń rọra jẹ ojú láìsí ìrora lọ́wọ́. Ó ṣeni láàánú pé irú èyí gan-an ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, apá iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú ojú ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ní Charité, ilé ìwòsàn ńlá ìlú Berlin. Graefe kò yé tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí a ya á sọ́tọ̀, kí ó ní olùkọ́ tirẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ní 1866. Ní 1868 ni wọ́n tó fi ẹ̀ka ojú ní Charité lé e lọ́wọ́.

Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ tún ti dìde láyé òde òní, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ojú ni ó wà nídìí ààlà báyìí. Láti bí 1970 sí 1980 ni ìtànṣán tí a ń pè ní laser ti ń gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ abẹ́ Graefe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń lò ó, ó sì wúlò fún irú glaucoma tí abẹ́ rẹ̀ kò ràn. Àwọn optometrist, tí ń yẹ ojú wò tí wọ́n sì ń fúnni ní awò, ní àwọn náà lè lò ó. Ìmọ̀ awò wọn kò sì jìnnà sí ilé Graefe, nítorí Donders ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1864. Ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà fi òfin gbà wọ́n láàyè ní 1998, Kentucky sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2011. Àwọn optometrist ní dókítà ojú jìnnà sí àwọn ará oko. Àwọn dókítà ní agbára omi inú ojú lè ru sókè lẹ́yìn ìtànṣán náà, àti pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ abẹ lè má mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Graefe ṣe ẹlẹ́rìí fún apá kan kò gbọdọ̀ gbàgbé pé dókítà ni àwọn tí òun bá jiyàn náà. 

Graefe kò pẹ́ lórí ipò tuntun náà. Ikọ́ ife ti ń jẹ ẹ́ lára fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ kò fi abẹ́ sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1870, ní ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ Faransé kéde ogun sí Prussia. Ẹni ọdún 42 ni. Anna, ìyàwó rẹ̀ tí ó fẹ́ láti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ní 1862, kú ní 1872. Ní 1882 a gbé ère rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Charité, pẹ̀lú ohun èlò Helmholtz lọ́wọ́ rẹ̀. A ya àwòrán aláwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: ní apá kan, àwọn afọ́jú tí ń wá ìrànlọ́wọ́, ní apá kejì, àwọn tí ojú wọn ti là.