Ìtàn John Newton, Ẹni tí Ẹ̀rí Ọkàn Rẹ̀ Sùn

Àwọn kan ń wí pé kò sí ohun tí ó tọ́ tàbí tí ó burú fúnra rẹ̀. Pé ohun tí ìlú bá fọwọ́ sí, tí ọkàn ẹni kò sì dá ẹni lẹ́bi nípa rẹ̀, òun náà ni ó tọ́. Kí a tó gba ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé John Newton wò, ẹni tí ìjọ púpọ̀ mọ̀ nítorí orin rẹ̀ lórí oore-ọ̀fẹ́.

A bí i ní London ní oṣù July, ọdún 1725. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méje. Ní 1744 a fi ipá mú un wọ ọkọ̀ ogun ọba. Ó sá, a mú un padà, a sì nà án ní gbangba. Lẹ́yìn èyí ó bọ́ sí ọwọ́ òyìnbó oníṣòwò ẹrú kan ní erékùṣù Plantain, lẹ́bàá Sàró. Níbẹ̀ ni àìsàn àti ebi ti bá a, tí a sì ń lò ó bí ẹrú. Àwọn ẹrú tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ni ó ń yọ́ bù fún un nínú oúnjẹ díẹ̀ tí wọ́n ní.

Ọkọ̀ kan gbé e kúrò níbẹ̀. Ní oṣù March 1748, ìjì líle kọlu ọkọ̀ náà lójú òkun. Newton ké pe Ọlọ́run, ọkọ̀ kò sì rì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ka ìyípadà rẹ̀. Síbẹ̀, láàrin 1750 àti 1754, ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ní ìrìn àjò mẹ́ta. Ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn tí ó rà wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí a tò wọ́n mọ́ra gádígádí. Nígbà tí ó fura sí ọ̀tẹ̀, ó fi irin tí a fi ń tẹ àtàǹpàkò jẹ àwọn ọmọkùnrin kan níyà kí wọn lè jẹ́wọ́. Òfin England gba òwò náà láyè, àwọn ọlọ́lá ń fi owó sí i, àwọn olóyè etí òkun Áfríkà ń tà, ọkàn Newton kò sì dá a lẹ́bi. Àìsàn ni ó mú un fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní 1754.

Bí ó bá jẹ́ pé ìlú àti ọkàn ẹni ni ó ń dá ohun tí ó tọ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé òwò náà tọ́ ní ọdún wọ̀nyí. Ta ni nínú wa tí yóò wí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀? Ìrora wọn kò dín kù nítorí pé ọkàn ọ̀gá ọkọ̀ balẹ̀.

A fi í jẹ àlùfáà ní Olney ní 1764. Ní 1780 ó lọ sí ìjọ St. Mary Woolnoth ní London. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí William Wilberforce tọ̀ ọ́ wá fún ìmọ̀ràn ní 1785, tí ó sì rọ̀ ọ́ kí ó má ṣe fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀. Ní 1788, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn, Newton tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí òwò ẹrú. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì jẹ́wọ́ ìtìjú rẹ̀ fún ipa tí òun fúnra rẹ̀ kó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Ẹnìkan lè wí pé èrò rẹ̀ ni ó yí padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi iyán sílẹ̀ tí ó ń jẹ ẹ̀kọ kì í tijú iyán tí ó ti jẹ rí. Newton tijú, nítorí ó rí i pé ohun tí òun ṣe ti burú ní ọjọ́ tí òun ṣe é, nígbà tí kò sí ẹni tí ó bá òun wí. Kì í sì í ṣe òfin ni ó kọ́ ọ, nítorí ní 1788 òfin England ṣì wà lẹ́yìn àwọn oníṣòwò. Oṣù March 1807 ni a tó fi òfin dá òwò náà dúró. Ní oṣù December ọdún kan náà ni Newton kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Àṣà ogun ilẹ̀ wa pẹ̀lú gbà pé kí a ta ẹni tí a bá kó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821, tí a sì tà á, kí ọkọ̀ ogun England tó gbà á ní 1822. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Bí àṣà bá ni òṣùwọ̀n, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí a ṣẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, kò tó kí a kọ́ ọmọ láti máa tẹ̀lé ọkàn rẹ̀ nìkan. Ọkàn dà bí òṣùwọ̀n ọjà: a ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Ẹ jẹ́ kí a sì bi ara wa léèrè, ta ni ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tiwa, tí a kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀?