Abímbọ́lá Awóliyì: Dókítà obìnrin tí wọ́n fi oyè Ìyá Àbíyè dá lọ́lá l'Ékòó

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, a kì í kàn bá a yọ̀ lásán. A máa ń kí i kú ewu ọmọ. Àwọn àgbà mọ̀ pé igbe ọmọ kọ́ ni òpin ewu. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára ìyá lẹ́yìn tí ibi ọmọ ti jáde, ibà lè kọlù ú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gìrì sì lè gbé e lójijì.

Ìtọ́jú aboyún àti ìyá ìkókó ni Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì fi ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ìdílé Akérélé l'Ékòó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1910. Ó lọ sí iléèwé St. Mary's, lẹ́yìn náà ó wọ Queen's College, iléèwé tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lọ́dún 1927. Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, ló ti lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gboyè lọ́dún 1938.

Agnes Yewande Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Nàìjíríà, ti gboyè ìṣègùn ṣáájú rẹ̀ ní Edinburgh lọ́dún 1929, ṣùgbọ́n Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ló ti ṣiṣẹ́. Awóliyì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà.

Ìgbà tí oògùn tuntun dé

Ìgbà tí Awóliyì di dókítà ṣe pàtàkì. Kó tó di àkókò náà, bí ibà bá mú ìyá ìkókó, ohun tí dókítà lè ṣe kò pọ̀.

Lọ́dún 1935, Gerhard Domagk kéde oògùn Prontosil ní Jámánì, oògùn tó ń kápá kòkòrò àìsàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leonard Colebrook fi tọ́jú àwọn ìyá tí ibà mú lẹ́yìn ìbímọ ní ilé ìwòsàn Queen Charlotte's ní London, ikú sì dínkù gan-an láàrin wọn. Ọdún 1935 yìí kan náà ni wọ́n ṣàwárí ergometrine, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Àwọn dókítà ìran Awóliyì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè ran ẹni tí wọn kò tètè gbé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́.

Massey Street

Ilé ìwòsàn Massey Street, ní Erékùṣù Èkó, ni Awóliyì ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dókítà kékeré. Lọ́dún 1962, ó di àgbà dókítà onímọ̀ nípa ìtọ́jú aboyún. Òun náà ló darí ilé ìwòsàn ọ̀hún láti ọdún 1960 títí di 1969.

Iṣẹ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀ kì í parí bí ọmọ bá ti jáde. Wọ́n ní láti máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà, kí wọ́n fọwọ́ kan ikùn láti mọ̀ bóyá ilé ọmọ ti le, kí wọ́n wo bí ara ṣe gbóná tó, kí wọ́n sì yẹ ìfúnpá wò.

Ọkọ rẹ̀, S. O. Awóliyì, náà jẹ́ dókítà, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Lọ́dún 1964, ó gba ipò ààrẹ ẹgbẹ́ National Council of Women's Societies lẹ́yìn Kofoworola Ademola, ipò tó wà títí ó fi kú.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Nílé, ó jẹ Ìyálájé ní Ọ̀yọ́, ó sì jẹ Ìyá Àbíyè l'Ékòó. Oyè Ìyá Àbíyè yìí ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù, torí pé àbíyè ni kí obìnrin bímọ, kí ìyá yè, kí ọmọ náà sì yè.

Ó jáde láyé lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1971. Ilé ìwòsàn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó.

Ewu tó bá jà ṣì wà. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa ìyá jù lágbàáyé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbani níyànjú pé kí ìyá tó bí sí ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí wọ́n sì tún máa yẹ òun àti ọmọ wò títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, bí ara bá gbóná, bí orí bá ń fọ́ ọ gidi tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìkómọ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.