Semmelweis, Dókítà Tó Ní Kí Wọ́n Fọ Ọwọ́

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ìtàn ìgbésí ayé dókítà. Ó kàn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tó dínà mọ́ iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1818 ni wọ́n bí Ignaz Semmelweis ní Buda, tó ti di apá kan Budapest lónìí. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Vienna ní ọdún 1837, kó tó yà sí ìmọ̀ ìṣègùn. Ní 1846, ó di olùrànlọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Klein ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú náà.

Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ṣẹ́ ní ti àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí ń kọ́ṣẹ́ ní ìkejì. Ibà kan máa ń mú àwọn ìyálọ́mọ lẹ́yìn ìbímọ. Ní 1846, nínú 100 obìnrin tó bímọ ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, bíi 11 ló kú. Ní ìkejì, wọn kò pé 3. Àwọn aláboyún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ti àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sì bímọ sójú títì.

Ní oṣù Kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣèèṣì gé e níbi tí wọ́n ti ń la òkú. Semmelweis rí i pé àìsàn tó pa á jọ ti àwọn ìyálọ́mọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé e: àwọn dókítà ń ti ìdí òkú bọ̀ wá sọ́dọ̀ aláboyún, àwọn agbẹ̀bí kì í sì í la òkú. Ní oṣù Karùn-ún, ó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa fi omi kiloríìnì fọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹrin, bíi 18 nínú 100 ló kú. Ní oṣù Keje, wọn kò pé 2.

Ẹni tó bá rí èyí á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ó ṣòro fún dókítà láti gbà pé ọwọ́ òun ló pa ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Afẹ́fẹ́ búburú ni ọ̀pọ̀ wọn ń dá lẹ́bi. Semmelweis fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ìwé kíkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ bíi Ferdinand Hebra ló kọ́kọ́ bá a kọ ọ́ síta. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1849, ó sì fi Vienna sílẹ̀ ní 1850 láìdágbére. Ọdún 1861 ni ìwé rẹ̀ tó jáde. Ó gùn, àwítúnwí pọ̀ nínú rẹ̀, ìbínú sì kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ lẹ́tà ìta gbangba tó fi pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó takò ó ní apànìyàn.

Ní 1865, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, lẹ́ni ọdún 47. Egbò tó kẹ̀, tó sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ló pa á, irú ikú tó ti ń gba àwọn ìyálọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, yunifásítì ìṣègùn ní Budapest ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

N kò dá àwọn tó kọ etí dídi sí i láre. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Nọ́ọ̀sì òde òní mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan rọ́bà tí ìtọ̀ aláìsàn ń gbà jáde, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí rọ́bà náà pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbàgbé ńkọ́? Báwo ni ọmọdé ṣe máa rán àgbà létí nílẹ̀ Yorùbá, tí wọn kò ní ní ó rí àgbà fín? Ìbéèrè èdè nìyẹn, ẹ̀mí ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ló yẹ ká wá gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì kékeré lè sọ.